Iye Owó Tí Mo Pè fún Lucy

"Raheemat, èwo ló dáa jù nínú wọn?"

Lucy ló bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń jáde ní kíláàsì, ní ilé-ìwé wa ní Ìdímù. Àwa méjèèjì la fẹ́ kọ́ ìmọ̀ nípa ọpọlọ ní yunifásítì. Èmi kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ti Lucy yàtọ̀: wárápá ń ṣe Simeon, àbúrò rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, ló fi ní kí n bá òun wo iye owó àwọn yunifásítì tó wà àti ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Mo sì ti wò ó. Yunifásítì aládàáni kan rẹwà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í sì í dé ilé-ìwòsàn. Ti ìjọba kan wà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Láti ọdún kejì ni wọ́n ti ń tẹ̀lé olùkọ́ lọ sọ́dọ̀ aláìsàn. Àmọ́ ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n ń gbà. Lucy ló sì máa ń ṣe ipò kìíní nínú bàọ́lọ́jì, èmi ni mò ń tẹ̀lé e.

"Ti ìjọba yẹn ò ṣe é lọ jàre," ni mo wí. "Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti aládàáni. Wọn ò tiẹ̀ ní irinṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ló kọ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ dípò ìmọ̀ nípa ọpọlọ.

Nígbà tí àkókò fọ́ọ̀mù ti kọjá, ìyá Lucy ní kí n wá kí àwọn nílé wọn ní Egbeda. Simeon jókòó, wọ́n fi báńdéèjì wé iwájú orí rẹ̀; wárápá ti gbé e ṣubú láàárọ̀. Màmá gbé ìrẹsì síwájú mi.

"Ọmọ mi, o ṣeun tí o bá wa wádìí. Ẹlòmíì ì bá fi pamọ́. Mò ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà."

Mo gbé ṣíbí, mi ò lè fi í sẹ́nu. Ojú tì mí.

"Mà, irọ́ ni mo pa." Mo sọ iye owó náà gan-an.

Màmá wo ilẹ̀. "Bàbá rẹ̀ ì bá san án," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Lucy kò pariwo. "O ò bá kúkú sọ pé ẹ̀rù mi ń bà ọ́. À bá jọ máa kàwé ni."

Yunifásítì ìjọba náà gbà mí. Bàbá mi ń pe ẹbí káàkiri, inú wọn ń dùn. Èmi ò lè gbójú sókè. Lucy máa tún ìdánwò àtiwọ yunifásítì ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kí òun náà lè kọ́ ìmọ̀ nípa ọpọlọ. Ó ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i, ṣùgbọ́n kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà, ẹ júwe rẹ̀ fún ẹnìkejì yín. Ipò tí èèyàn bá fi irọ́ gbà, ìtìjú ni yóò máa fi jókòó níbẹ̀.