Dígí Tó Dúró Ṣánṣán

Ọmọbìnrin náà kò tíì rí ojú ọkùnrin yẹn tó fi rí ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan ló ń wọlé bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, nínú gáùn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti ṣá, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ẹsẹ̀ ọkùnrin méjì lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e pé dígí gígùn tí ẹnì kan gbá mọ́ àyà ni, àti pé ara òun ni òun ń wò.

"Ẹ kú ọjà o," ohùn kan wí lẹ́yìn dígí. "Ẹ dákun, ta ni mo gbé dání báyìí?"

"Èmi ni."

"Abájọ. Láti ìdí ọkọ̀ ló ti ń wúwo, àfi bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà yìí tó fúyẹ́."

"Ẹ gbé e kalẹ̀ kó tó bọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í lẹ dígí."

Ó gbé e kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì yọ, ojú tó ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsùlù pupa kan há sí i létí. Àpá kéékèèké tí dígí dá sí i lára kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọmọbìnrin náà yíjú padà sí oníbàárà rẹ̀, olùkọ́ kúkúrú kan tó wọ gáùn olódòdó wò. "Ẹ má rà á, Àǹtí Olùkọ́. Òdòdó yẹn ti gbé yín mì."

Olùkọ́ bọ́ ọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i?" ó wí fún onídígí. "Ìdí tá a fi ń pè é ní Má-rà-á nìyí. Ó ń lé wa bí ẹni lé adìyẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà la sì ń padà sí."

Ìyá Má-rà-á ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ìyá lè dúró pẹ́ mọ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ lọ́wọ́, àmọ́ kò kó ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Gáùn aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn pàápàá, ti ìyá ni. Má-rà-á mọ ohun tó yẹ gbogbo obìnrin àdúgbò. Ohun tó yẹ òun alára ni kò tíì ráyè wá.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aṣọ yàn báyìí," onídígí bi í bó ṣe ń lu ìṣó, "ta ló yan èyí fún yín?"

"Ìyá mi."

"Ó dáa. Ó yẹ ìyá yín."

Ó yẹ kó bínú. Ẹ̀rín ló rín, títí ó fi jáde lọ kó aṣọ lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ.

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ìyá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ọmọ mi, fi igi sí ìdí dígí yìí kó yọ síwájú díẹ̀, kí orí rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó bá wo irú rẹ̀ á ga, á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Má sọ fún ọmọbìnrin mi o. Ó fi òdodo ṣe agídí."

Onídígí mọ ọgbọ́n náà. Ó ti ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta rí. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, ó wí nínú ara rẹ̀, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Ó fa ìlà pupa sára igi, ó gé e, ó fi í sí i.

Láti ọjọ́ náà, ìṣó dígí yẹn kò jẹ́ kí onídígí sinmi.

"Mo ní kí n yà wo ìṣó yẹn."

"Àná lo wò ó."

"Ó lè ti tú."

"Tó bá tú, màá ránṣẹ́ sí ọ."

"Má ránṣẹ́. Ṣáà pè mí ní ìfẹ́ rẹ, màá gbọ́ láti ilé."

Kí oṣù kejì tó parí, orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pín ọsàn jẹ lọ́sàn-án, orúkọ tó ní kó máa pe òun ló sì ń jẹ́. Ọjà ń tà bí ẹni ń da omi. Má-rà-á náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀. Ó rán gáùn aláwọ̀ ewé kan tó gùn dé ilẹ̀, gáùn àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Nínú dígí, ó dà bí ọ̀pẹ.

"Ìfẹ́ mi, ó ti rí?"

"Ó dáa," onídígí wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Olùkọ́ ló tú àṣírí. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbé gáùn gígùn tó rà lóṣù tó kọjá sórí tábìlì.

"Èyí ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Nínú dígí rẹ, mo ga. Lórí pèpéle, mo tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, mo sì ṣubú lulẹ̀." Kò pariwo. "Kò sẹ́ni tí kò lè tàn mí jẹ, mo mọ̀. Àmọ́ ìwọ, Má-rà-á?"

Má-rà-á ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn dígí. Ó fa igi jáde. Ìlà pupa wà lára rẹ̀.

Nígbà tí onídígí fi máa dé, igi ti wà lórí tábìlì.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀. Màmá ló ní—"

"Mi ò bi ọ́ nípa Màmá. Gáùn yìí ti ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀ látọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́. O rí i. O ní ó dáa."

Onídígí yọ pẹ́ńsùlù pupa kúrò létí, ó kì í bọ àpò.

"Máa lọ. Ìṣó yẹn le dáadáa."

Nígbà tí Má-rà-á bi í nílé, ìyá kò yí ohùn padà. "Igi kékeré yẹn mọ ọjà tà jù ọ́ lọ. Dá a padà sáyè rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá wá gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Mo gbọ́, Màmá. Títí di Àbámẹ́ta, ọwọ́ mi ló wà."

Lọ́jọ́ kejì, páálí kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà: *Dígí wa parọ́. Ẹni tó bá ra aṣọ níbí láti oṣù mẹ́ta, kó mú un wá, kó wá wo ara rẹ̀ dáadáa. Màá tún un ṣe.*

Tirẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó gé gáùn aláwọ̀ ewé náà dé orúnkún, ó sì fi ohun tó gé kúrò rán àpò ńlá méjì sí i, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ọ̀kan fún àlùmọ́gàjí. Ó rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká kíákíá, nǹkan kan kò kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kò dà bí ọ̀pẹ mọ́. Ara rẹ̀ gan-an ló rí.

Àwọn obìnrin dé, àwọn kan pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ jọ̀ọ́," ọ̀kan wí nígbà tó rí ìbàdí ara rẹ̀, "ẹ dá igi yẹn padà fún èmi nìkan." Ẹ̀rín sọ. Má-rà-á tú etí aṣọ, ó gé, ó rán, títí ìka rẹ̀ fi wú.

Ní Ọjọ́bọ̀, onídígí tò sẹ́yìn wọn bí oníbàárà.

"Kí lo mú wá dá padà?"

"Irọ́ kan." Ó fa okùn kan yọ, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wò bóyá ògiri tọ́, tí wọ́n so òjé mọ́ nídìí, ó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí. Okùn náà mì díẹ̀, ó dúró ṣánṣán. "Èyí kì í bẹ̀rù ẹni tó rán ni níṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi igi sí ìdí dígí yìí, gbogbo ẹni tó bá wọlé á rí i. Títí kan èmi."

Má-rà-á wo okùn náà pẹ́. "Padà wá ní Àbámẹ́ta. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá ṣì ní ṣọ́ọ̀bù."

Àbámẹ́ta dé, ìyá náà dé. Ó ti na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ kó tó rí ara rẹ̀ nínú dígí. Ọwọ́ náà rọ̀ wálẹ̀. Èjìká gáùn rẹ̀ kan ti já sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ń wọ́ nílẹ̀.

"Ṣé bí mo ṣe dà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ọmọ rẹ̀ ti kúnlẹ̀, abẹ́rẹ́ píìnì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ká etí aṣọ sókè níbi tí orúnkún ti tẹ̀, ó fún èjìká wọlé. Nígbà tó dìde, ìyá ti na ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, láìfi ọ̀pá tilẹ̀.

Ìyá wo àwọn obìnrin tó tò dé ìta. "Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ dání," ó wí níkẹyìn. Ó wá kọjú sí onídígí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ. Mo ní kó o fi igi sí i, o fi sí i. Ọmọ mi yọ igi, o wá so okùn. Kí ni ìwọ fúnra rẹ ń fẹ́?"

"Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, Màmá."

"Ọmọ mi kì í ṣe ọjà. Bi í. Bó ò bá yẹ ẹ́, kò ní fi pamọ́ fún ọ."

Má-rà-á wò ó látòkè délẹ̀ bó ṣe máa ń wo aṣọ: ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó ká, ọwọ́ alápàá, ojú tó ń bẹ̀rù.

"Má rà á o," Olùkọ́ wí jẹ́jẹ́ láàárín èrò, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó fà á dé iwájú dígí, ó dúró tì í, ó sì tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. "Wò ó dáadáa. Ohun tó o rí yẹn lo máa bá gbé. Kò ní ga ju báyìí lọ."

"Mo rí i, ìfẹ́ mi."

"Èmi náà rí i." Ó tọ́ okùn náà wò, kò mì. "Ó bá mi mu. Mi ò ní dá a padà."