Àga Tí Gbogbo Ilé Ń Kí

Àga ọ̀hún ṣófo. Wàsílátù tún wò ó dáadáa, kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Síbẹ̀ Ìyá Dúrósinmí wà lórí eékún níwájú rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Albert, tó pẹ́ jù nínú àwọn ayálégbé, sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tútù.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó-oṣù tí ìjọba san, ń dún lápò àwọn òṣìṣẹ́ ni, ní Ìsọlọ̀. Wàsílátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìṣẹ́yìn dé láti wá ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé lẹ́yìn Ọlọ́run àti àgbà tó wà láàyè, eékún òun kò ní kanlẹ̀ fún ohunkóhun.

"Ìyá Dúrósinmí, ta lẹ ń kí?"

"Bàbá ni. Kúnlẹ̀."

"Mi ò rí ẹnì kankan."

Ohùn Ìyá lọ sílẹ̀. "Ta ló bi ọ́ bóo rí wọn?"

Wàsílátù kọ̀. Àwọn ará ilé ò bá a jà o. Wọn ò kàn dá ìkíni rẹ̀ lóhùn mọ́ ni. Á kí wọn nídìí ẹ̀rọ omi, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹni tó kí èèyàn tí a ò dá lóhùn, ó ti mọ bó ṣe ń rí láti jẹ́ òkú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀.

"Wàsílá wa! Ṣé dáadáa lo jí?" Gbogbo ilé ló ń kí i. Ó dùn mọ́ ọn bí oyin. Àmọ́ bó ṣe ń dìde, òórùn aṣáà gbá a nímú láti ibi àga, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fín aṣáà nínú ilé náà.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, onílé, gbé ọkọ̀ Píjò tuntun rẹ̀ dé láti Àjàó Ẹ̀sítéètì, ó sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kí àga.

"Bàbá wo? Èmi onílé rèé, mi ò tíì kú! Ta ló bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ yìí?"

Albert tọ́ka sí Ìyá Dúrósinmí. "Ìyá ni mo bá lórí eékún, sà."

"Èmi kẹ̀? Okùn bàtà mi ló já lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n so ó. Ìgbà tóo dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn mi, mo ní ojú rẹ ti rí ohun tí tèmi ò rí ni!"

Ẹ̀rín bú yẹ̀. Wàsílátù rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Eékún òun ti padà di tòun. Onílé náà fi ẹ̀rín jókòó sórí àga.

Ó ta gìrì dìde. Ó fọwọ́ tẹ ibi ìjókòó.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ó ní. "Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbí?"

Onílé rọra ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀. Albert tẹ̀lé e, Ìyá tẹ̀lé Albert, títí ó fi ku Wàsílátù nìkan lóòró. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ mú. Òun ò ní kúnlẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni ohùn arúgbó kan jáde jẹ́jẹ́ láti orí àga, bí ohùn ẹni tí kò bínú rárá.

"O kú ìdúró, Wàsílátù."

A kì í dúró gbangba dá àgbà lóhùn. Kó tó mọ̀, sìmẹ́ńtì tútù ti kan eékún rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ẹnu ara rẹ̀ tó ń wí pé, "Ẹ ṣé, sà."