Oorun Tí Káfíńtà Fi Pamọ́

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ò ní jó mi lọ́pọlọ ṣá?" Ohun tí káfíńtà kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì nìyẹn. Kò tilẹ̀ kí i.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Káfíńtà, iná tó fi ń pe oorun ò ju ti bátìrì rédíò lọ. Ẹ jókòó, ẹ gbé etí yín wá."

Ó fi omi rin fóòmù kékeré méjì tó wà lẹ́nu wáyà ẹ̀rọ náà, ó fi wọ́n há a létí bí ẹni fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ. Ara káfíńtà ń ṣe rìnrìn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọdún mẹ́ta gbáko, kì í sùn ju wákàtí kan lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì mú un títí ayùn fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn oorun ń mú kí òòyì máa kọ́ ọ nídìí iṣẹ́, ló bá dà á nù.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n jọ fi jókòó. Kì í ṣe iná náà ni káfíńtà ń rò bó ṣe ń lọ sílé, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn án.

Lójoojúmọ́, nọ́ọ̀sì á bi í ní iye wákàtí tó sùn, á sì kọ ọ́ sínú káàdì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, káfíńtà sùn fún wákàtí mẹ́fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ilé ìwòsàn. Àfi bó ṣe gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún obìnrin aláìsàn kan pé, "Tí oorun bá ti dé, ẹ ti parí níbí nìyẹn. A ò ní fojú kan ara wa mọ́."

Nígbà tó kàn án, ó ní, "Wákàtí kan."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń purọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Tí oorun yìí bá jẹ́ ewúrẹ́," nọ́ọ̀sì ní, "ǹ bá ti fokùn dè é wá fún yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ fóòmù, ó ń yẹ wáyà wò, ojú rẹ̀ sì ń rù.

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà lóbìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ò ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. "O ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, o tún ń lọ gba iná! Obìnrin ni, àbí? Sọ fún un!"

"Tó bá kọ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Á kọ̀ ọ́ náà ni. Ṣé ó máa pa ọ́ jẹ ni?"

Kò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, dókítà àgbà wọlé, ó wo káàdì náà. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ kan náà ń wo àwọn yòókù sàn. Ọwọ́ rẹ ni kò dáa. Lọ máa to fáìlì láti ọ̀la."

Nọ́ọ̀sì wo káfíńtà. Káfíńtà wo ilẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, káfíńtà lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Wọ́n dá nọ́ọ̀sì padà sídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n dókítà yẹn kò bẹ̀ ẹ́ títí di òní.

"Nọ́ọ̀sì mi," káfíńtà ní nígbà tó bá a nídìí ẹ̀rọ, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ni. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sàn, mi ò ní rí ọ mọ́."

"Wọn ò gbà kí á fẹ́ ẹni tí a bá ń tọ́jú," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Èmi gan-an ń dúró kí ẹ sàn. Ìgbà tí ẹ ń hanrun, èmi ni mi ò sùn, tí mò ń ro ibi tí mo ti ṣìṣe létí yín."

"Olólùfẹ́ mi, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n wọ́n bú mi lójú yín, ẹ sì ń wo ilẹ̀. Ẹ máa lọ, ọ̀gá. Ara yín ti yá."

Lálẹ́, káfíńtà jókòó sórí ibùsùn, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí oorun má wá, kó lè padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì láìpurọ́. Ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ loorun ti gbé e lọ. Nígbà tó lajú, oòrùn ti kún yàrá. Ó sùn dáadáa. Ó yíjú sí ògiri, ó sì bú sẹ́kún.