Ápù Aláwọ̀ Ewé Lẹ́nu Ọ̀nà Leota

Ní ìlú Tarrow, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn tó ní ilé àtijọ́ máa ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Sátidé kejì oṣù Kejìlá ni. Àlejò á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, á máa wo bí wọ́n ṣe fi ewé àti èso ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ de Kérésìmesì. Ilé méje ni. Ilé keje ni wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń mu omi ápù gbígbóná, òun sì ni olórí gbogbo wọn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni ilé Leota Brannick fi jẹ́ ilé keje.

Opó ni Leota, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Kì í mutí, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣófo. Bí o bá pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀, gbogbo Tarrow ni yóò dìde sí ọ.

Ohun tí àlejò ń wá wò nílé rẹ̀ ni pátákó kan tó wà lókè ẹnu ọ̀nà. Ó rí bí abẹ̀bẹ̀. Wọ́n kan ìṣó sí i, wọ́n sì fi ápù pupa gún orí ìṣó kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan láàárín. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, lápá òsì, ẹyọ ápù kan ṣoṣo wà tó jẹ́ aláwọ̀ ewé.

"Ìyá mi ló dá a sílẹ̀," ni Leota máa ń wí. "Ápù aláwọ̀ ewé ni bàbá mi kọ́kọ́ gbé fún un nígbà tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́." Àwọn obìnrin á mí kanlẹ̀, wọ́n á nu ojú.

Àlejò kì í gòkè. Nínú gbogbo ilé méjèèje, okùn pupa kan máa ń wà ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ á máa dán; òkè ni wọ́n á kó páálí, aṣọ ìdọ̀tí àti àga tó ti ṣẹ́ sí. Gbogbo onílé ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ.

Verna Stroud ni ọ̀rẹ́ Leota láti ogójì ọdún. Lọ́dọọdún ni wọ́n jọ ń jókòó ní ilé ìdáná Leota, tí wọ́n á máa nu ápù, tí wọ́n á máa fi ará ìlú rẹ́rìn-ín. Verna ló di Leota mú níbi ibojì ọkọ rẹ̀, tí kò jẹ́ kó ṣubú. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìbẹ̀wò dé pé ilé kẹta ni ilé Leota lọ́dún yìí, pé Verna ló gba ilé keje, Leota rò pé àṣìṣe ni. Ó pe Verna lórí fóònù. Verna kò gbé e.

Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, Leota fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tó ń mú àlejò yí ilé ká, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bí àlejò, ó sì rìn lọ sílé Verna. Ẹnu géètì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀. Abẹ̀bẹ̀ ápù wà lókè ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà láàárín. Ápù aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀, lápá òsì.

"Ìyá mi àgbà ló dá a sílẹ̀," Verna ń sọ fún èrò.

"Verna!"

"Háà, Leo! Ìwọ náà wá. Wọlé, omi ápù wà lórí iná."

"Ti ìyá mi lo jí yẹn."

Verna rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí èrò. "Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé orúkọ ìyá rẹ̀ wà lára ápù kankan níbẹ̀?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Ogójì ọdún, Verna."

Verna sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ogójì ọdún tí mo fi bá ọ nu ápù, tí o kò dárúkọ mi fún àlejò kan rí. Tèmi náà dé."

Ẹni tó mọ inú ẹni ló mọ ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà wọlé. Leota rìn padà sílé láì mọ ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ozella Tibbs wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ ife. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Cleomie, ìyá rẹ̀, ló se oúnjẹ fún ìyá Leota nínú ilé yìí títí tó fi darúgbó. Ozella náà máa ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò.

"Mìsíìsì, ta ló kú?"

"Verna ti tà mí, Ozella! Ó gbé abẹ̀bẹ̀ ìyá mi, ó ní ti ìdílé òun ni. Irú èèyàn wo ló ń jí ohun olóhun, tó tún wá ń fi pìtàn fún àlejò?"

Ozella nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó fa àga, ó jókòó. Láti ọjọ́ tó ti ń wá, kò jókòó nílé ìdáná yẹn rí.

"Leota," ó ní. Kò pè é ní Mìsíìsì. "Ta ló ni abẹ̀bẹ̀ náà?"

Leota yíjú sí fèrèsé.

"O ṣáà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́. Orí àpótí yẹn lo jókòó sí, ò ń jẹ kúkísì."

Òótọ́ ni, Leota wà níbẹ̀. Cleomie ló dá abẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ó wà lórí àkàbà, ó ń to ápù sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ibà ti gbé Lemuel, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, dálẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Ìyá Leota ní, "Parí ẹnu ọ̀nà ná. Àlejò ń bọ̀." Kí Cleomie tó délé, Lemuel ti lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Cleomie fi ápù aláwọ̀ ewé kan sáàárín àwọn pupa. Leota kékeré béèrè ìdí rẹ̀. Cleomie ní, "Èyí tí kò dúró gbó ni."

"O mọ̀," ni Ozella wí. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi dúró nídìí omi yìí, tí mò ń gbọ́ ọ bí o ṣe ń fi ikú àbúrò mi ṣe ìtàn ìfẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Mo bá Ọlọ́run jà sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n da omi gbígbóná yìí lé ọ lórí. Ó kọ̀ fún mi." Ozella fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo ti dárí jì ọ́, ọdọọdún ni mo sì ń tún un ṣe, bí ẹni ń tún láísẹ́ǹsì mọ́tò gbà. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi kò lè gbà ọ́ là. Ọwọ́ Jésù ni ìyẹn wà. Ó sì ti rí òkè ilé rẹ tipẹ́."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ká okùn yẹn kúrò."

Leota dìde. Lójú àwọn àlejò tó kún pálọ̀, ó tú okùn pupa náà, ó gòkè, ó sì kúnlẹ̀ sáàárín páálí àti àga tó ṣẹ́. Ọgbẹ́ tí Verna dá sí i láti bíi wákàtí kan, òun gan-an ló ti ń dá a sí Ozella lára láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó sì rántí pé Olúwa tó fẹ́ ké pè, ẹni tó bá a tọwọ́ bọ àwo ló tà á; síbẹ̀ ó kú fún àwọn tó ń tani.

"Olúwa," ó ní, "mo pe Verna lólè. Èmi ni olè. Òkú ọmọ ni mo jí. Ṣàánú mi."

Ó sunkún pẹ́. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, àlàáfíà kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Ó ní kí ọmọbìnrin tó ń mú àlejò yí ilé ká dákẹ́.

"Ẹ̀yin àlejò, irọ́ ni mo ti ń pa fún yín," ó wí. Ó sì sọ fún wọn nípa Cleomie àti Lemuel. Kò fi ohun tí ìyá rẹ̀ sọ pa mọ́.

Kò sẹ́ni tó nu ojú lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin kan béèrè bóyá ilé kẹrin jìnnà. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà. Ozella dúró lẹ́nu ilé ìdáná, ó ní, "Ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ó dé."

Ìgbìmọ̀ yọ ilé Leota kúrò lọ́dún kejì. Leota lọ sílé Verna láti sọ fún un pé òun ti dárí jì í. Verna kò ṣílẹ̀kùn. Ó ṣì ń dun Leota títí dòní. Ṣùgbọ́n ní Kérésìmesì náà, abẹ̀bẹ̀ ápù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kékeré Ozella, ní òdìkejì ojú irin, tí kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń múni débẹ̀. Ozella ló kan án. Leota ló di àkàbà mú.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá wọ́n ti ta ìwọ náà, tí ọgbẹ́ rẹ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Mi ò ní kó má dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí ọ lára kò sọ ọ́ di aláìlẹ́ṣẹ̀. Ta ni ìwọ náà ti tà, tí ó ń fọ ife, tí ó sì ń gbọ́ ọ?

Ìsàlẹ̀ ilé rẹ ń dán. Àwọn èèyàn ń yìn ọ́. Ṣùgbọ́n Jésù tí a ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ kì í ṣe àlejò tó máa ń padà nídìí okùn. Inú ìdọ̀tí ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ẹ sí nígbà tó wá sáyé. Páálí òkè ilé rẹ kò lè lé e sá.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Lemuel kò dúró de ìgbà tí wọ́n parí ẹnu ọ̀nà. Níbi tí o wà yìí, kúnlẹ̀, sọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Jésù, gbà á gbọ́, kí o sì lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.

Ká okùn náà kúrò lónìí. Jésù ti wà ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń dúró dè ọ́.