Eegun Inú Ike Ọ̀dà

Ọjọ́ Ẹtì ni. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọkùnrin kan gbé ike ọ̀dà wọlé, ó sì gbé e ka orí tábìlì mi bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò.

"Ẹ káàsán, Mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ eegun."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Géètìmáànù yín. Ó ní kí eegun tó dé ọwọ́ yín, á ti máa ka orúkọ baba rẹ̀."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní mùsíọ̀mù. Ẹni tó bá hú eegun nínú ilẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbẹ̀, ìbáà jẹ́ àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́, èmi ni mo máa ń sọ bóyá ti ènìyàn ni tàbí ti ẹranko. Orí ẹṣin wà lẹ́yìn mi, ìhà màlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òòyà àti abẹ́rẹ́ tí àwọn ará àtijọ́ fi eegun gbẹ́ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Bíríkìlà ni ọkùnrin náà. Sìmẹ́ńtì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní ibi tí òun ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá kan sẹ́yìn ilé ìyá òun ni òun ti bá eegun pàdé.

"Màámi ló ní n kò gbọdọ̀ da kọnkéré kankan títí ẹni tó mọ̀ á fi bá wa wò ó."

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo débi iṣẹ́: fọ̀ ọ́ kí o tó sọ̀rọ̀. Ó ní eegun tí erùpẹ̀ bá bò, òpùrọ́ ni. N kò fọ nǹkan kan o. Ìka ni mo fi tú erùpẹ̀ náà. Mo rí ìhà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mẹ́ta, mo rí eegun itan tí kò ju ìka mi lọ, tí ilẹ̀ ti jẹ orí rẹ̀. Mo fẹ́ lọ sílé, ọkùnrin náà rẹwà, mo sì fẹ́ kó rí i pé mo gbọ́n. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo ti wá àwáwí tó dára ju èyí lọ, n kò rí.

"Ewúrẹ́ ni," ni mo wí. "Ọmọ ewúrẹ́ tí kò tíì pé oṣù kan."

"Ṣé ó dá yín lójú, Mà?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Mo mú ògúlùtu erùpẹ̀ kan níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe, mo fi sínú ọ̀rá kékeré, mo kọ ọjọ́ sí i, mo jù ú sórí pẹpẹ. Ó gbé ìyókù. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Bí mo bá tún hú òmíràn ńkọ́? Ṣé n kò ní gba nọ́ńbà yín?"

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Tèmi ti já bọ́ lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà ni mo ń kà fún ọkùnrin.

Ọjọ́ kẹta ló padà wá. Ó tú bébà kan, eegun itan adìyẹ ló wà níbẹ̀.

"Dókítà, ẹ bá mi wo èyí. Ẹ̀rù ń bà wá nílé."

Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. "Adìyẹ ni. Ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì ṣàánú rẹ̀ rárá, ó fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ tán."

"Èmi ni," ló wí. "Ẹ wá mú mi."

Bí mo ṣe bọ́ sínú ìfẹ́ nìyẹn. Kò ju oṣù méjì lọ tó fi di "ìwọ" láàárín wa. Ó ń pè mí ní ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, èmi ń pè é ní Bíríkìlà mi, ọjọ́ tí n kò bá sì gbọ́ ohùn rẹ̀, inú mi kì í dùn. Ó máa ń sọ pé, "Ìwọ ń wo ohun tó ti kú, èmi ń kọ́ ohun tí kò tíì wà. Àárín méjèèjì la ó máa gbé." Yàrá ẹ̀yìnkùlé náà ga sí i, wọ́n kan òrùlé rẹ̀, ó di yàrá tiwa.

"Mo da ewúrẹ́ rẹ padà sínú ìpìlẹ̀ o," ló sọ lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òun náà ń bá wa gbé ilé ró."

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, obìnrin kékeré tí kì í pariwo. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé wọn, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ lo wo eegun náà?"

"Èmi ni, Mà."

"Ewúrẹ́ ni lóòótọ́?"

"Ewúrẹ́ ni, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dára," ló wí, ó sì lọ gbé omi kaná. Mo rò pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Èmi tó mọ eegun wò, n kò mọ ojú ènìyàn wò.

Ìdílé méjèèjì gbà, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méje nígbà tí ọ̀gá mi ní ká tún orí pẹpẹ ṣe. Mo rí ọ̀rá kékeré yẹn, mo rí ọjọ́ tí mo kọ sí i, mo rẹ́rìn-ín. Ògúlùtu náà ti gbẹ, ó ti là. Mo ní kí n kúkú fọ̀ ọ́. Mo bu omi, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, erùpẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Eegun kan jáde tí kò ju ẹ̀pà inú èèpo lọ.

Eegun tó gbé ihò etí ró ni. Òun ló le jù nínú eegun orí, òun ló sì máa ń pẹ́ jù nínú ilẹ̀. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀, ajá ní tirẹ̀, èèyàn kì í ṣì wọ́n mú. Èyí kì í ṣe ti ewúrẹ́. Ti ènìyàn ni, ti ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo dì í sínú áńkáṣíìfù, mo fi sí báàgì mi, mo sì pa ẹnu mi dé.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ẹ jẹ́ kí n sọ iye rẹ̀ kó yé yín. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi ń jẹun nínú ilé ìyá náà, tí mo ń dúpẹ́, tí eegun ọmọ tí n kò mọ ta ló bí i wà nínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá ní n óò sọ̀rọ̀, ọkàn mi á ní, ìgbéyàwó ńkọ́? Ta ló máa mọ̀? Bíríkìlà mi á pè mí wá wo ọ̀dà tó fẹ́ kùn sára ògiri, ẹnu ọ̀nà ni mo máa dúró sí. N kò lè tẹ ilẹ̀ yàrá náà.

"Kí ló ń ṣe ẹ́, adúmáradán?"

"Ó rẹ̀ mí ni."

Ọjọ́ kọkàndínlógún, ìyá rẹ̀ ń wọ aṣọ ìgbéyàwó sí mi lọ́rùn láti wò ó, ó ń fi pín-ìn-nì gún etí aṣọ náà pọ̀. Ó kàn ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Ká ní ó yè ni, òun ni ǹ bá ti kọ́kọ́ rán irú èyí fún."

"Ta ni, Mà?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Obìnrin ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi gbé e, mo bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, lẹ́yìn náà àìsàn gbé mi dè, n kò mọ ọwọ́, n kò mọ ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló sin ín sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kí n má bèèrè ojú ibẹ̀, kí n lè tètè gbàgbé. Òun àti ọkọ mi, àwọn méjèèjì ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí sàréè." Ó yọ pín-ìn-nì kan lẹ́nu. "Nígbà tí ọmọ mi hú eegun, mo ní ó tán, mo rí i. O wá ní ewúrẹ́ ni. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀."

Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, pín-ìn-nì ń gún mi níhìn-ín lọ́hùn-ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Kì í ṣe ewúrẹ́."

Mo rò pé á gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Kò pariwo. Mo yọ áńkáṣíìfù náà nínú báàgì mi, ó gbà á, ó tú u, ó wò ó pẹ́.

"Ibo ló wà lára rẹ̀?"

"Etí, Mà."

"Etí." Ó dì í padà, ó fi sí àyà. "Ó gbọ́ ohùn mi rí."

Bíríkìlà mi wọlé, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí.

"Mo bi ẹ́ o! Mo ní ṣé ó dá ẹ lójú!"

"O bi mí."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè purọ́. Mo ní, "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún sẹ́yìn."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Àṣìṣe, mo lè fara dà á. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Ṣùgbọ́n o wò mí lójú fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, o jẹ́ kí n máa kun ọ̀dà sára ilé tí mo kọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi lórí. Bọ́ aṣọ ìyá mi sílẹ̀."

Mo bọ́ ọ.

Nílé wa, bàbá mi pòṣé. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́ ẹnu? Eegun lè jẹ́rìí ni?" Nílé tiwọn, àbúrò bàbá rẹ̀ ní, "Obìnrin tó lè fi irú ọ̀rọ̀ yìí sínú tó ń báni jẹun, kí ni kò ní lè fi sínú?" N kò bá a jà. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n fagi lé ìgbéyàwó náà.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí fóònù mi tó dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni Bíríkìlà fi ránṣẹ́: "Màámi ní kí o wá. Èmi kọ́ ni mo ní kí o wá."

Mo bá a nínú yàrá náà, ó ń fi òòlù ńlá fọ́ ilẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà. Ìyá rẹ̀ ló ní kó fọ́ ọ, òun fẹ́ ọmọ òun. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló lè mọ̀ ọ́n nínú òkúta. Mo mú asẹ́ àti ọpọ́n omi, mo kúnlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò. Á gbé páànù wá, á gbé e kalẹ̀ láìwò mí.

"Eléyìí?"

"Òkúta."

"Eléyìí ńkọ́?"

"Jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ ná."

"Bó ṣe yẹ kó o ṣe é nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣàdédé dúró pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. "Èmi ni mo gún un mọ́lẹ̀. Mo ń kọrin. O ò mọ̀ pé mo ń kọrin lọ́jọ́ náà."

"O ò mọ̀ pé òun ni."

"Ìwọ náà ò mọ̀ nígbà yẹn," ló wí. Ó tún gbé òòlù sókè. "Ṣùgbọ́n o wá mọ̀." Mo ń sẹ́ erùpẹ̀ mi lọ.

Ọjọ́ kẹrin, ìyá náà wá bá wa. Mo ti to eegun mẹ́rìnlá sórí aṣọ funfun tó rán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ṣé ó pé?"

Ọlọ́run ló mọ bó ṣe wù mí tó láti sọ pé ó pé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, á tù ú nínú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Kò pé, Mà. Kò tó ìdajì. Ìyókù ti lọ̀ mọ́ kọnkéré, n kò lè yọ ọ́. Ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹ má bínú."

Ó mi orí. Ó ṣẹ́ aṣọ náà po bí ẹni ń fi aṣọ wé ọmọ, ó gbé e jáde lọ sí abẹ́ fèrèsé rẹ̀, ibi tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Bíríkìlà lọ gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Nígbà tó padà wá, ó jókòó tì mí lórí òkìtì òkúta.

"N kò tíì dárí jì ẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n mo gbà ẹ́ gbọ́." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "N kò mọ bí méjèèjì ṣe lè wà pa pọ̀. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Mo sunkún, ó jẹ́ kí n sun ún.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà la ṣègbéyàwó, nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀, àwa ènìyàn mẹ́rìnlélógún. Àbúrò bàbá rẹ̀ wá, kò kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó wá. Yàrá háyà kan la gbà. Ti ẹ̀yìnkùlé, a kò kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

A jókòó ti oúnjẹ. Àǹtí mi kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, na ọrùn kọjá àwo rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ná, ta ló fi àwọn ọmọ yìí mọ ara wọn?"

Gbogbo ṣíbí dúró. Ọkọ mi tẹjú mọ́ àwo. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì.

"Àkọ́bí mi ni," ni ìyá ọkọ mi wí. "Obìnrin ni."

"Ó mà káre o! Ibo ló wà, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ó wà nílé yìí. Ìyàwó wa ló máa bá yín sọ fún un. Àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn tipẹ́."

Ó bu oúnjẹ kún àwo mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," omijé mi sì ń bọ́ sínú rẹ̀.