Asipirín Tí Morónikẹ́ Fi Kún Un

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ nílé Láoyè ní Mọ́níyà, ohun àkọ́kọ́ tí ìyàwó rẹ̀ máa ń ṣe ni kó bu omi sínú ife, kó mú abọ́ pẹrẹsẹ kékeré kan, kó sì kó oògùn ọkọ rẹ̀ sí i. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni. Ọdún kẹfà rèé tí àìsàn náà ti wọlé tọ̀ wọ́n wá, láti ìgbà tí Láoyè ṣì ń ṣe akọ̀wé nílé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn. Ó ti fẹ̀yìntì báyìí. Oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilé ló fi ń dára yá.

"Bàbá Tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín kí ẹ tó fọwọ́ kan mọ́ínmọ́ín yẹn."

"Ṣé mo gbàgbé rí ni?"

"Ẹ ò gbàgbé rí, torí pé mo wà níbí ni."

Láoyè á rẹ́rìn-ín, á gbé oògùn náà mì, á wá da abọ́ dojú dé láti fi hàn pé kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Morónikẹ́, tó jẹ́ tíṣà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi, kì í jáde nílé láìrí ìyẹn.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 1998, ìròyìn kan dé yàrá àwọn olùkọ́. Ọkùnrin kan ládùúgbò tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra ṣubú lulẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó sì kú. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Olúyínká, tíṣà kíláàsì kẹta, mi orí.

"Ìtọ̀ ṣúgà máa ń bá ọkàn jà o. Asipirín ni dókítà ní kí ọkọ tèmi máa lò lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lọ́kàn. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá."

"Asipirín? Èyí tá a ń lò fún orí fífọ́ yìí?"

"Òun náà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Morónikẹ́ lára. Bó ṣe ń kọ ìṣirò sójú pátákó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń rí. Nígbà tó ń padà sílé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan létí ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó ra asipirín. Ẹni tó tà á fún un kò bi í pé ta ló fẹ́ lò ó, òun náà kò sì sọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, oògùn inú abọ́ ti fi ẹyọ kan lé.

"Èwo tún nìyí?" Láoyè béèrè.

"Ó ń dáàbò bo ọkàn ni. Ọkọ Olúyínká ń lò ó."

Láoyè wo oògùn náà, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ó jọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi èmi nìkan sílẹ̀."

Láoyè gbé e mì.

Oṣù kan kọjá, ó lé díẹ̀. Morónikẹ́ wá ń kíyè sí i pé ọkọ òun kì í jẹun tán mọ́. Á jẹ díẹ̀, á fọwọ́ mú ikùn, á ní inú ń ta òun. Ní ọjọ́ kan tó ń fá irùngbọ̀n, díẹ̀ ni abẹ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá títí tó fi rin aṣọ ìnujú pátápátá. Nígbà tó yá, bó bá rìn dé ẹ̀bá kànga, á dúró mí. Morónikẹ́ rò pé ṣúgà ló tún ti lọ sókè. Ó dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Kò yọ asipirín kúrò, nítorí lójú tirẹ̀, bí àárẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i yìí ni ọkàn nílò ààbò jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí Láoyè ń bọ̀ láti oko. Ó rí i tó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, tó di igi ìbẹ́pẹ mú, tó sì rọra jókòó sílẹ̀. Nígbà tó máa fi sáré débẹ̀, òógùn tútù ti bo ojú rẹ̀.

"Bàbá Tiwa! Bàbá Tiwa, ẹ dá mi lóhùn!"

"Mo gbọ́ ẹ. Ojú ń ṣú mi ni."

Wọ́n ti kọ́ Morónikẹ́ ní kílíníìkì pé bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ lójijì, òógùn máa ń bo èèyàn báyìí. Ó sáré po omi ṣúgà, ó fi sí i lẹ́nu. Láoyè mu ún, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò yí padà. Morónikẹ́ bá figbe ta sí ilé kejì.

Nimotallahi ló ń gbé níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìlera tó wà nítòsí, Morónikẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní kíláàsì kìíní nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun àti Jùbrílù ọkọ rẹ̀ jọ sáré wá. Nimotallahi di ọwọ́ Láoyè mú, ó ka bí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lù. Ó fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Inú rẹ̀ funfun bí òwú.

"Tíṣà, omi ṣúgà tí ẹ fún wọn kò burú. Ṣùgbọ́n kò jọ pé ti ṣúgà nìkan lèyí. Ẹ̀jẹ̀ ló ti tán lára wọn."

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Wọn ò fara pa."

"Ó lè máa dà nínú." Nimotallahi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ má tijú mi. Báwo ni ìgbẹ́ yín ṣe rí láti ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Láoyè wojú ìyàwó rẹ̀, ó wolẹ̀. "Ó dúdú. Dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ó máa ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dáa. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Morónikẹ́ béèrè.

"Mo rò pé ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ ni. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn téèyàn fẹ́ máa sọ?"

"Ẹ lọ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò wá," Nimotallahi wí.

Morónikẹ́ kó wọn wá. Nọ́ọ̀sì náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan asipirín.

"Dókítà wo ló kọ èyí?"

"Èmi ni." Morónikẹ́ dáhùn. "Èmi ni mo fún wọn, Nimotá."

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Láoyè ti ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò oko rẹ̀, ó fa oògùn mìíràn yọ tí a fi bébà wé. "Má dá a lẹ́bi. Orókún ń ro mí. Sàníù tí oko wa jọ pààlà ló fún mi ní oògùn ara ríro yìí. Méjì ni mò ń lò láàárọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í roko. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ nílé, o ò ní jẹ́ kí n lọ sóko mọ́."

Jùbrílù ti lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé Láoyè sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan ìyàwó rẹ̀, ó di ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn.

Wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kò lọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló kù díẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó bá a wá jẹ́ kí àwọn yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá wọ́n lè fún un. Ti Morónikẹ́ kò bá ti ọkọ rẹ̀ mu, ti Jùbrílù ló bá a mu. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá mi ni wọ́n." Wọ́n fa páìńtì kan lára rẹ̀, wọ́n sì rí méjì mìíràn níbi tí ọsibítù ń kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ikùn Láoyè, wọ́n rí ọgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n dá oògùn méjèèjì dúró, wọ́n sì ń tọ́jú ọgbẹ́ náà.

Nígbà tí ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀, Dókítà Ọlọ́runyọmí pe Morónikẹ́ jókòó.

"Màmá, ṣé ọgbẹ́ inú ti ṣe Bàbá rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ọdún 1983 ni. Ó ti jinná."

"Ká ní wọ́n ti bi yín léèrè ìyẹn ṣáájú ni, ẹnikẹ́ni ò ní fi asipirín lọ̀ yín bẹ́ẹ̀. Asipirín kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ohun tó fi wúlò fún ọkàn nìyẹn, ohun tó fi léwu náà nìyẹn. Ó tún máa ń bá awọ inú ikùn jà. Oògùn ara ríro tí Bàbá ń lò ń ba ibi kan náà jẹ́. Àwọn méjèèjì wá pàdé lójú ọgbẹ́ àtijọ́."

"Ṣùgbọ́n ọkọ ọ̀rẹ́ mi ń lò ó, ìtọ̀ ṣúgà kan náà ló sì ń ṣe é."

"Ṣé nǹkan kan ti ṣe ọkàn rẹ̀ rí?"

Morónikẹ́ ronú. "Wọ́n gbé e wá síbí ní ọdún kan sẹ́yìn. Àyà ló ń dùn ún."

"Ẹ rí i? Ó ṣeé ṣe kí dókítà rẹ̀ ti wo àǹfààní rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu rẹ̀, kó rí i pé àǹfààní ló pọ̀ jù fún un, kó sì fún un ní ìwọ̀n kékeré. Èyí tí ẹ rà yìí, ti orí fífọ́ ni, ó lágbára jù ú lọ dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló yẹ kó máa lo asipirín lójoojúmọ́."

Morónikẹ́ dúpẹ́, ó dìde. Nígbà tó dé ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀, ó jókòó, ó bojú, ó sunkún.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi fẹ́ pa yín."

Láoyè na ọwọ́ tí wọn kò fa omi sí, ó fi kan ejìká rẹ̀. "Ìyá Tiwa, wò mí. Ìwọ lo fún mi ní ọ̀kan, èmi ni mo lọ fi pamọ́ lo èkejì. Mo rí ìgbẹ́ dúdú fún ọjọ́ mẹ́rin, mi ò sọ. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é."

"Ẹ̀rù ikú ló bà mí."

"Mo mọ̀. Èmi náà, orókún ni mo rò pé mò ń tọ́jú, kí n lè máa gbé ẹ̀gẹ́ wálé fún ẹ. Láti òní lọ, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ mọ́. Ìgbẹ́ pàápàá, màá máa ròyìn rẹ̀."

Bí ẹkún ṣe wà lójú Morónikẹ́ náà ló bú sẹ́rìn-ín, tí àwọn aláìsàn tó wà nítòsí fi yíjú sí wọn.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n dá wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí Morónikẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, Olúyínká dì mọ́ ọn, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló kóbá wọn. Ó ní òun ti fẹ́ lọ kó asipirín ọkọ òun dà nù.

"Ó tì o!" Morónikẹ́ sọ fún un. "Dókítà ló kọ ọ́ fún tiyín. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi wọ́n ná."

Ẹ̀yin tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú nínú èyí nìyí. Asipirín kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń dá lò lójoojúmọ́ nítorí pé ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Dókítà ló lè sọ bóyá ó yẹ yín. Bí ọgbẹ́ inú bá ti ṣe yín rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yín bá ń ru, tàbí tí ẹ bá ń lo oògùn ara ríro tàbí àgbo kankan, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí ó bá sì jẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ máa lò ó, ẹ má ṣàdédé fi í sílẹ̀. Ẹ padà lọ béèrè.

Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí èèyàn bá bì tí ẹ̀jẹ̀ tàbí nǹkan dúdú bá jáde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ imú kò bá dá, tàbí tí òyì bá ń kọ́ni tí ara sì ń rọ, ẹ má ṣe dúró wo ọjọ́ kejì. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ. Ìgbẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú níwájú nọ́ọ̀sì, kò sì yẹ kó jẹ́ ohun ìtìjú láàárín tọkọtaya.

Nígbà tí ẹ bá tún ń lọ sí kílíníìkì, ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú àpò kan, títí kan èyí tí aládùúgbò fún yín, kí ẹ sì tú u sórí tábìlì níwájú dókítà.