Iná Pupa Tó Ń Díbọ́n Sùn

Ọjọ́ tí Màmá Tútù kọ́kọ́ rí Ẹnjiníà, ẹnu ọ̀nà ló dá a dúró sí. Ọkùnrin náà gbé àkàbà kọ́ èjìká, ó fi ọwọ́ kejì gbá àpótí kan mọ́ àyà. Màmá Tútù wo àkàbà, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà ná kó tó ròyìn ohun tó bá wá.

Má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn ọ́ o. Kò tíì bímọ, kò tíì lọ́kọ, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sì ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí. Fìríìjì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ò ju ẹyọ kan lọ, ọrùn rẹ̀ ló sì máa ń fi kọ́. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, ní aago mẹ́jọ, aago méjìlá àti aago mẹ́rin, á dúró níwájú àwọn fìríìjì náà, á wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tutù tó, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà ní ilé ìwòsàn ló ní kóun wá fi tẹmómítà tuntun sára àwọn fìríìjì. Ó yọ ọ̀kan jáde nínú àpò. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ó ní wáyà tín-ín-rín tó máa wọ inú fìríìjì láti wọn otútù, ó sì ní iná pupa bíńtín kan lójú. Màmá Tútù yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí bátìrì rẹ̀ wà.

"Kò ní bátìrì, mà," ni Ẹnjiníà wí.

"Wáyà iná rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní ìyẹn náà."

"Ohun tí kò ní bátìrì, tí kò gba iná lára ògiri, kí ló ń jẹ?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé òun máa kan àpótí yẹn mọ́ ògiri tó dojú kọ àwọn fìríìjì. Àpótí á máa rán ìgbì rédíò jáde, irú ìgbì tó ń gbé ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọ inú rédíò ilé, tẹmómítà á sì máa bù díẹ̀díẹ̀ nínú agbára ìgbì náà láti fi tan iná rẹ̀, láti fi wọn otútù, láti fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó ní agbára ọ̀hún kéré débi pé kò lè mú ìka ọwọ́ èèyàn móoru.

Màmá Tútù gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá ń jẹun láìsí ẹni tó rí oúnjẹ rẹ̀, bí kì í bá ṣe olè, amí ni. Ó gbà pé àwọn ọ̀gá ló fẹ́ máa fi ṣọ́ òun, kí wọ́n lè rí nǹkan kà sí òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ló rí ohun tó mú ìfura rẹ̀ le sí i. Bó bá ti sún mọ́ fìríìjì, iná pupa yẹn á kú. Bó bá kúrò níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí á tún tàn. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, bákan náà ló rí. Nǹkan náà ń díbọ́n sùn, ó ń jí bó bá ti kẹ́yìn sí i.

Ó bi Ẹnjiníà. Ẹnjiníà ní ó ń sinmi ni, ó sì yára tẹ orí ba, ó ń wá ìṣó nínú àpò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà ò ṣeé kórìíra. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá wo ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà kẹta tó wá, ó ti ra sílípáàsì tirẹ̀, ó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹni tó ti di ọmọ ilé. Màmá Tútù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan àti ààbọ̀, wọ́n ti jọ ń jẹ búrẹ́dì ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ fèrèsé, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, "mà" sì ti di "ẹ̀yinjú mi". Ojú obìnrin náà ń ṣọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ ń fà sí i. Ìfẹ́ ti wọlé, ìfura ò sì tíì jáde.

Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin àkọ́kọ́ fún un. Ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ ṣègbéyàwó ni. Ọkùnrin yẹn ti fi nǹkan sínú fóònù rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, odindi ọdún kan ló fi mọ gbogbo òpópónà tó gbà, gbogbo ilé tó yà sí. Á wá máa fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́ pé, "Ṣé ara àbúrò ìyá ẹ ti yá?" nígbà tí kò sọ fún un rárá pé òun lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí àṣírí tú, Màmá Tútù ti ra bàtà ìgbéyàwó.

Ẹnjiníà ò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Màmá Tútù rò pé àánú òun ló ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Ẹnjiníà ní kó fẹ́ òun. Màmá Tútù ní òun ti gbọ́, òun máa dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kọkànlá, okùn bàtà rẹ̀ já lójú ọ̀nà, aago mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú ló dé ibi iṣẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tíì kọ̀wé tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ẹnjiníà ló kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ̀yinjú mi, o pẹ́ dé lónìí. Ṣé kò sí o?"

Màmá Tútù pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ọkùnrin náà ní òun kàn rò ó bẹ́ẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, Màmá Tútù ro ẹjọ́ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń ránṣọ lẹ́yìn ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì.

"Ejò lọ́wọ́ nínú," ló wí. "Ẹni tí ò sí lọ́dọ̀ ẹ, tó mọ ìgbà tó o dé, kò rò ó. Ó rí i ni."

Ìyá wọn wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́wàá, Màmá Tútù gun àga, ó mú àwo irin fẹ̀ǹfẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń to abẹ́rẹ́, ó fi bo àpótí ara ògiri, ó sì fi okùn dì í. Iná pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pẹ́ tí ara ti tù ú bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ní aago méjìlá, ó wo àwọn fìríìjì, ó kọ̀wé bí ìṣe rẹ̀. Ìgbà tó di aago kan ni ẹ̀rí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ó rántí pé oògùn àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni tẹmómítà yẹn ń ṣọ́, òun kọ́ ló ni ín. Ó gun àga padà, ó sọ àwo kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wàhálà dé. Nọ́ọ̀sì kan lọ mú abẹ́rẹ́ nínú páálí tuntun tó dá wà nínú fìríìjì kejì, ó rí i pé àmì kékeré ara àwọn ìgò ìsàlẹ̀ ti ṣú. Ooru ló ń mú àmì yẹn ṣú. Bó bá ti ṣú, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé páálí náà wá. Àwọn ìgò òkè nìkan ni Màmá Tútù wò kó tó gbà á wọlé, wọ́n sì dára.

Ọ̀gá ilé oògùn ránṣẹ́ pè é, ó sì ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà. Ó yí kọ̀ǹpútà sí wọn. Ìlà otútù fìríìjì kejì lọ gbọọrọ, ṣùgbọ́n ó ń já, ó ń so, ó ń já.

Ọ̀gá ní ihò ló kún inú àkọsílẹ̀ yìí. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé Màmá Tútù ò fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló ń pa á, kó lè máa jókòó síbì kan kọ ìwé láì dé ìdí fìríìjì, kó tètè sọ, torí òun ò ní lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó máa kọ̀wé lé e lọ.

Ọdún mẹ́sàn-án ń lọ lójú Màmá Tútù.

Ẹnjiníà wò ó, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń pa á, sà," ló wí. "Òun fúnra rẹ̀ ni ihò yẹn. Omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, ìgbì rédíò kì í sì í lè la omi kọjá dáadáa. Bó bá dúró síwájú fìríìjì, ó ti dí ìgbì lọ́nà nìyẹn, ebi á pa tẹmómítà, á dákẹ́. Bó bá kúrò, á jí. Ẹ jẹ́ kó gbé ìwé rẹ̀ wá, ká fi wé e."

Wọ́n gbé ìwé wá. Ọ̀gá ń ka aago, Ẹnjiníà ń fi ìka tọ́ka. Aago mẹ́jọ, ihò. Aago méjìlá, ihò. Aago mẹ́rin, ihò. Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, kò sí ibi tí Màmá Tútù kọ̀wé sí tí ihò ò sí.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ni ọ̀gá bi í.

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì, sà." Kì í ṣe ọ̀gá ló ń wò. "Láràárọ̀ ni mo máa ń wá ihò aago mẹ́jọ níbẹ̀, kí n lè mọ̀ pé ó ti dé. Kò sẹ́ni tó rán mi."

Màmá Tútù gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó gba iṣẹ́ là fún un náà ló bọ́ ọ síhòòhò. Inú bí i, ojú tì í, ó sì mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ fi àṣírí rẹ̀ pamọ́, ì bá fi í pamọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti fi ìka sí ihò ńlá kan, wákàtí mẹ́ta gbáko lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní èyí ńkọ́? Ẹnjiníà tẹjú mọ́ ọn, kò mọ ohun tó fà á.

"Èmi ni, sà," ni Màmá Tútù wí. "Mo fi àwo irin bò ó. Mo rò pé ó ń ṣọ́ mi." Ó yíjú sí Ẹnjiníà. "Ó sì ń ṣọ́ mi lóòótọ́."

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ta ló máa wá jẹ́rìí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta yẹn? Ẹnjiníà ní kí àwo tó bò ó, ìwọ̀n mẹ́rin ni otútù wà, ìwọ̀n mẹ́rin náà ló wà nígbà tí wọ́n ṣí i, fìríìjì kì í sì í yára gbóná yára tutù bẹ́ẹ̀.

"Ìwé rẹ̀ ló kù, sà. Ó ti kọ ọ́ ní ìgbà tó lé ní àádọ́jọ láti ìgbà tí mo ti wà ńbí, kò parọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ti aago méjìlá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò ní ẹ̀rí kankan. Mo kàn gbà á gbọ́ ni."

Ọ̀gá ní kí wọ́n pe awakọ̀ tó gbé páálí wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, awakọ̀ ti jẹ́wọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ ló kú lójú ọ̀nà, oòrùn pa ẹrù fún ààbọ̀ ọjọ́, òun ló sì to ìgò tó dára sókè. Wọ́n kọ̀wé ìkìlọ̀ fún Màmá Tútù nítorí àwo, àti nítorí pé kò wo ìsàlẹ̀ páálí. Iṣẹ́ rẹ̀ ò bọ́.

Kò gbé ìpè Ẹnjiníà. Nílé, ẹ̀gbọ́n ní kó lé e dànù, pé olè tó jẹ́wọ́, olè náà ni. Ìgbà yẹn ni ìyá wọn tó la ẹnu.

"Ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ló tẹ̀ ẹ́," ni ìyá wí. "Èyí fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì mọ ohun tó máa ná òun. Mi ò ní kó o fẹ́ ẹ o. Mo ní kó o má kó wọn pọ̀."

Nígbà tí Màmá Tútù wọ yàrá fìríìjì lọ́jọ́ Ajé, kò rí àpótí lára ògiri mọ́. Ó gbójú sókè, ó rí i lára àjà, lókè orí àwọn fìríìjì gan-an. Ó lọ dúró síwájú wọn. Iná pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn, wọn ò kú. Ó sún mọ́ wọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀kan, ó ṣì ń tàn. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àyè, kò lọ síbi iṣẹ́.

Ẹnjiníà wá sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Ó kí ìyá, ìyá sì wọlé lọ, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà dúró láàárín yàrá. Ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní ọjọ́ tó sọ ìtàn ọkùnrin yẹn fún òun ló yẹ kóun ti sọ, ẹ̀rù ló ba òun.

Màmá Tútù ò ní kó jókòó. Ó ń wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Níbo ni mo wà lánàá?" ló bi í.

"Mi ò mọ̀."

"O ò yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbé àpótí sókè, kò sí ohun tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá o lọ síbi iṣẹ́, mi ò mọ̀ bóyá o ṣàìsàn. Láti ọjọ́ Ajé, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ, kò sì rọrùn."

Ó wá irọ́ lójú rẹ̀, kò rí i. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì, torí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bóyá bí á sì ṣe máa ṣe nìyẹn lọ.

"Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà," ló wí. "Ó ń wọn aṣọ ìgbéyàwó fún mi. Ó ń kùn o, ṣùgbọ́n ó ń wọ̀n ọ́n."

Ẹnjiníà jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìyá ń béèrè bóyá àlejò á mu omi.